Igbó Tí Kò Rú Èéfín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní èéfín nìwà. Wọ́n ní bí ènìyàn bá dá iná sínú ilé, tó ti ilẹ̀kùn, tó ti fèrèsé, èéfín náà yóò wá abẹ́ òrùlé gbà jáde, ará àdúgbò yóò sì mọ̀ pé nǹkan ń jó níbẹ̀. Òwe yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fi bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ̀rọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Bí a bá péjọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí a kọrin, tí a gbàdúrà tán, n ó dúró níwájú wọn, n ó ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, èéfín nìwà o. Ẹni tó bá ń fa igbó lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, imú mi yóò mú un kí ojú mi tó rí i." Wọn a rẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín, nítorí mo gbà lóòótọ́ pé imú mi kì í tàsé.

Kì í ṣe pé mo ń fọ́nnu lásán. Òórùn igbó kò ṣe é fi pamọ́ bọ̀rọ̀. Ó ń bẹ lára aṣọ, ó ń bẹ nínú irun, ó ń bẹ ní ìka ọwọ́. Ọmọ tó bá fà á kí ó tó wọ kíláàsì, ìbáà jẹ́ mínítì márùn-ún ló jẹ lé e lórí, mo máa ń mọ̀. Bí ara bá fu àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sí ọmọ kan, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbọ́ òórùn ẹnu eléyìí." Bí mo bá ti ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àṣé ọgbọ́n tó gbára lé èéfín nìkan, ọjọ́ tí èéfín kò bá rú ni yóò di òmùgọ̀.

Ní sáà kejì ọdún 2022 ni ọjọ́ náà dé. Ọjọ́ Ẹtì ni, oòrùn ti ń mú. Mo wà nínú kíláàsì SS2, mo ń kọ́ wọn ní àròkọ aláríyànjiyàn. Ní ìlà kẹta ni ọmọkùnrin kan jókòó sí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀: ọmọ jẹ́jẹ́, ọmọ tó mọ̀wé, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Lójijì ó bú sẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó dákẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀, ó tún bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò nídìí, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lè dá dúró. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo pè é síwájú, mo ní kí ó mí sí mi lójú. Ó mí. N kò gbọ́ òórùn kankan àfi ti ohun dídùn, bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kéèkì. Mo ní, "Ìwọ kò mu nǹkan kan, o wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" Mo ní kí ó lọ kúnlẹ̀ sí ìta nínú oòrùn, kí ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

Ẹ̀yin olùkà mi, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí títí di òní nìyí. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọmọ náà fi wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí mo yọjú wò ó, ó ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń gbọ̀n, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú. Ó ní, "Ẹ gbà mí, sà. Mo ń kú lọ." Mo fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó ń lù kìkìkì. Èmi àti olùkọ́ kan gbé e sínú ọkọ̀, a forí lé ilé ìwòsàn.

Lójú ọ̀nà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi í: "Kí ni o mu? Sọ òótọ́ fún mi, kí ni o mu?" Ó ń dáhùn pé, "N kò mu nǹkan kan, sà. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò mu nǹkan kan." Ìyá rẹ̀ tó wá bá wa níbẹ̀ kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ mi kò mu sìgá rí, ká má tíì wá sọ igbó. Ẹ gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀." Mo ti gbọ́ ọ. Ìyá náà kò purọ́, ọmọ náà kò sì purọ́.

Dókítà obìnrin kan ló tú okùn náà. Kò béèrè ohun tó mu. Ó tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó rọra ní, "Ọmọ mi, kí ni o jẹ láti àárọ̀?"

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀kọ àti àkàrà, mà. Lẹ́yìn náà, kéèkì."

"Kéèkì ta ni?"

Omijé bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú un wá, mà. Ó ní igbó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò ní èéfín, kò sì lè pa ènìyàn lára. Mo jẹ díẹ̀. Nígbà tó tó bíi wákàtí kan, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo bá jẹ ìyókù."

Láti ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè, n kò rí ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti fẹ́ gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ènìyàn bí èyí. Ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń lo "mu". A ń mu omi, a ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, a ń mu ọtí, a tún ń mu sìgá, a ń mu tábà, a ń mu igbó. Ohun tó ṣàn àti ohun tó ń rú ni a fi ọ̀rọ̀ kan náà pè. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń jẹ, a kì í mu ún. Gbogbo ìbéèrè tí mo bi ọmọ náà, "mu" ló wà níbẹ̀, ó sì dá mi lóhùn gẹ́gẹ́ bí èdè bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Èdè wa ti ní "mu igbó" láti ọjọ́ pípẹ́, kò tíì mọ́ ọn lára láti sọ pé "jẹ igbó". Ohun tí ẹnu kò mọ̀ ọ́n pè, ojú kì í tètè rí i.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo bá rí kà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí i pé igbó tí kò rú èéfín kì í ṣe ohun tuntun láyé. Ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n ń lọ ewé rẹ̀, wọ́n ń pò ó mọ́ wàrà àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán, wọ́n ń pè é ní bhang, wọ́n sì ń mu ún nígbà ọdún Holi. Òfin oògùn olóró tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1985 pàápàá yọ ewé lásán sílẹ̀ nínú ohun tó kà léèwọ̀. Ní Jàmáíkà, àwọn ìyá àgbà ń se ewé náà bí tíì fún aláìsàn. Ní ìgboro tiwa, àwọn kan ń rẹ ẹ́ sínú ògógóró, wọ́n ń pè é ní monkey tail. Àwọn mìíràn ń rọra fi í kún paraga ní ibùdókọ̀, kí ẹni tó ń rà á má mọ̀. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní skuchies, tí wọ́n fi zobo bò lójú. Kéèkì àti bisikíìtì ló tún wá gun orí wọn.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀rá, wàrà àti ọtí ni wọ́n ń fi í sí? Èròjà tó ń pa ènìyàn bí ọtí nínú igbó ni a ń pè ní THC. Ọdún 1964 ni Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n sì mọ bó ṣe rí. Èròjà yìí kì í yòrò dáadáa nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń yòrò nínú ọ̀rá àti nínú ọtí. Ẹni tó bá fà á, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà wọ ẹ̀jẹ̀, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó dé ọpọlọ. Kíá ni onítọ̀hún yóò mọ̀ pé ó ti dé. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, inú ikùn ni yóò kọ́kọ́ lọ, yóò gba ìfun, yóò sì kọjá nínú ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ yóò ti sọ ọ́ di èròjà mìíràn, 11-hydroxy-THC, tí òun náà lágbára, tó sì ń tètè wọ inú ọpọlọ. Ìrìn àjò yìí lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó sì lè gba wákàtí méjì. Bó bá sì dé, ó lè lo wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kúrò lára.

Inú àlàfo tó wà láàrin jíjẹ àti dídé yìí ni ọmọ mi ṣubú sí, òun nìkan kọ́ sì ni. Ní ọdún 2014 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta igbó ní gbangba ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, Maureen Dowd, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn New York Times, ra ṣokoléètì tí wọ́n fi igbó sí. Ó jẹ díẹ̀ nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, kò rí nǹkan kan, ó tún jẹ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé fún wákàtí mẹ́jọ ni òun fi ká jọ lórí ibùsùn pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tí òun sì rò pé òun ti kú. Nígbà tó yá ni ẹnìkan tó sọ fún un pé ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ni ó yẹ kí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí pín ṣokoléètì náà sí. Àgbàlagbà olówó-orí lẹ́nu iṣẹ́ ìwé kíkọ nìyẹn o. Kí ni ká wá sọ nípa ọmọdé? Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2023 fi hàn pé ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n ṣèèṣì jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn sì dé etí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ májèlé, jẹ́ 207 ní ọdún 2017. Nígbà tó di ọdún 2021, wọ́n ti di 3,054. Ọmọdé kò mọ̀ ju pé súìtì ni súìtì. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ Kánádà, nígbà tí òfin fàyè gba irú oúnjẹ yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, fi pàṣẹ pé THC inú páálí kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù mẹ́wàá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ bi mí léèrè nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, ó ní, "Sà, ṣé àwọn dókítà òyìnbó kì í fi igbó ṣe oògùn ni?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ fi irọ́ dá a lóhùn. Wọ́n ń fi í ṣe é. Láti ọdún 1985 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí dronabinol, ìyẹn THC tí wọ́n ṣe sínú hóró oògùn, fún àwọn tí ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ ń mú bì. Ní ọdún 2018, wọ́n fọwọ́ sí Epidiolex, oògùn olómi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí oríṣi wàrápá líle méjì kan ń bá jà. Èròjà inú rẹ̀, CBD, kì í pa ènìyàn bí ọtí. Kò sí èéfín nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níbẹ̀: òṣùwọ̀n. Dókítà mọ iye tó wà nínú síbí kan, ó mọ ìwọ̀n ọmọ náà, ó mọ oògùn mìíràn tó ń lò, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó po kéèkì ní kọ̀rọ̀ kò mọ iye tó fi sí i, kò sì mọ apá ibi tó pọ̀ sí. Ẹni tó rà á, ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ni àwọn ń lò, èyí tó ń sọ epo igbó di oru, wọ́n ní oru kì í ṣe èéfín. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ní ọdún 2019, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dè. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2020, àwọn 2,807 ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn, tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn tàbí tí wọ́n kú. 68 ló kú nínú wọn. Ohun tí àwọn olùwádìí di ẹ̀bi rẹ̀ rù jù ni òróró fítámì E tí àwọn oníṣòwò ẹ̀yìn fi ń lú epo THC. Lóòótọ́, èéfín kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ṣùgbọ́n pé èéfín lọ kò túmọ̀ sí pé ewu náà bá a lọ.

Ní ilé wa ńkọ́? Ìwádìí tí Àjọ Oníṣirò ti ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú àjọ UNODC, tí wọ́n fi orúkọ ọdún 2018 pè, fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14.3 nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàrin ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró ní ọdún tó ṣáájú ìwádìí náà, mílíọ̀nù 10.6 nínú wọn ló sì lo igbó. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989 kò béèrè bóyá iná ni ènìyàn fi sí i tàbí abọ́ ni ó fi bù ú. Ẹni tó ní in lọ́wọ́ ti rú òfin. Ọmọ tó bá gbà pé kéèkì kì í ṣe igbó yóò rí i pé adájọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọ náà. Ilé ìwòsàn kò ní oògùn kan pàtó tó lè pa agbára igbó kíákíá. Wọ́n tẹ́ ẹ sí yàrá tó dákẹ́, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń wo ìmí rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jí, ó ní ebi ń pa òun. Ẹkún ni ìyá rẹ̀ fi dáhùn.

Nígbà tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo pè é sábẹ́ igi máńgòrò. Mo ní, "Má bínú sí mi. Ó yẹ kí n béèrè ohun tó ṣe ọ́ kí n tó fìyà jẹ ọ́." Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bẹ òun. Mo wá bi í pé ọmọ ọlọgbọ́n bí tirẹ̀, kí ló dé tó fi gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́nu? Ó wo ilẹ̀ títí, ó wá ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé èéfín nìwà. A rò pé bí kò bá ti sí èéfín, kò sí ìwà kankan níbẹ̀."

Ẹnu mi wọ ohùn. Èmi ni mo kọ́ wọn ní òwe, èmi náà ni mo kọ́ wọn ní ìtumọ̀ tó há. Àwọn tó pa òwe náà kò sọ pé imú nìkan ni a fi ń mọ èéfín. Ẹ̀rín tí kò nídìí ni èéfín ọjọ́ náà. Ojú tó pọ́n ni èéfín. Ọmọ jẹ́jẹ́ tó yí padà lójijì ni èéfín. Ó rú sókè níwájú mi, gbogbo kíláàsì rí i, ẹnu ọmọ náà ni mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ tó mú kéèkì wá, ìgbìmọ̀ ìbáwí fẹ́ lé àwọn méjèèjì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká pe àwọn òbí, ká sì mú àwọn ọmọ náà lọ bá àwọn tó mọ̀ nípa ìtọ́jú irú nǹkan báyìí, nítorí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wà, bí a ti mọ̀ ọ́n ní Aró ní Abẹ́òkúta. Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, bàbá ọ̀rẹ́ náà ti mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ̀lú ìtìjú. N kò mọ ibi tó wà. Mo ṣì ń rántí rẹ̀ bí mo bá ń pe orúkọ ní kíláàsì, nítorí òun náà jẹ́ ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, bí ọmọ kan bá ṣe ohun tí kì í ṣe ìṣe rẹ̀, ẹ fi pàṣán sílẹ̀ ná. Ẹ bi í pé, "Kí ni o jẹ?" kí ẹ tó bi í pé, "Kí ni o mu?" Bí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n, tí àyà rẹ̀ ń lù, tàbí tó ń sùn tí kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn ló kàn, ẹ fi ẹjọ́ sí ọ̀la.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, n kò ní fi ìtàn wèrè dẹ́rù bà yín, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ. Ọpọlọ yín ṣì ń dàgbà, kò sì sí ẹni tó mọ òṣùwọ̀n ohun tí wọ́n ń tà fún yín ní kọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá ní kò léwu nítorí pé kò ní èéfín, ẹ rántí ọmọ tó di àyà rẹ̀ mú nínú oòrùn. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, tí ẹ ti jẹ ẹ́, tàbí tí ọ̀rẹ́ yín ti jẹ ẹ́, ẹ má fi pamọ́, ẹ pe àgbàlagbà. Ìtìjú kò tó ikú.

Àwọn àgbà náà ló ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Títí di ọdún yẹn, mo rò pé nítorí oníwọra nìkan ni wọ́n ṣe sọ ọ́.